Ẹjọ́ Ẹni Tó Parí Iṣẹ́

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá tó jẹ́ pé ẹni tó pẹjọ́ ló ń sunkún, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ló ń rẹ́rìn-ín, ẹlẹ́rìí àgbà sì jókòó lórí ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ jà, ó ní òun ò ní í dìde.

Àga onítáyà ni ohun náà, irú èyí tí wọ́n fi ń ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Táyà ńlá méjì wà lẹ́yìn, kéékèèké méjì wà níwájú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ńlá kan, irin kékeré kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á tẹ rọ́bà mọ́ táyà náà kó má lè yí. Bíréèkì nìyẹn. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló di irin náà mú. Bí nọ́ọ̀tì yẹn bá le, àga á dúró síbi tí wọ́n bá gbé e sí. Bí ó bá tú, àga á lọ síbi tó bá wù ú.

Ìta ni Kábíyèsí ti gbọ́ ẹjọ́ náà, lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngán, torí Màmá tó jókòó lórí àga ò lè gun àtẹ̀gùn. Láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, àgbàlá ààfin dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé ẹnu géètì. Ọ̀tún jókòó sọ́tùn-ún Kábíyèsí, Ìyálóde jókòó sósì.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ṣe àga náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó nu ojú.

"Kábíyèsí, wọ́n ti bà wá jẹ́."

"Ta ló bà yín jẹ́?"

"Ọ̀kan nínú wa ni. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn. Má-fi-dọ̀la là ń pè é. Òun ló ń ṣe táyà àti bíréèkì nílé iṣẹ́ wa."

"Kí ló ṣe?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀.

"Ó parí iṣẹ́."

Kábíyèsí tẹ́ etí sílẹ̀. "Ó kí ni?"

"Ó parí iṣẹ́, Kábíyèsí. Gbogbo ẹ̀. Títí dórí nọ́ọ̀tì ìkẹyìn."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Ìyálóde ní kó tún un sọ, bóyá eruku ló wọ òun létí. Ó tún un sọ.

"Ẹni tó ń kan òrùlé mi," ni Ọ̀tún wí, "láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó dá irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí."

"Bàbá, ẹ má fi wá ṣẹlẹ́yà," ni ọ̀gá wí. "Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Márùn-ún la wà nílé iṣẹ́: èmi, wẹ́dà tó ń jó irin, ọlọ́dà tó ń kun nǹkan, káfíńtà, àti òun yìí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ìjà ò tán láàárín wa. Ẹni tó bá ṣe ìkẹyìn ni oníbàárà máa ń yìn. A ṣe ibùsùn kan báyìí, ọlọ́dà ló fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Oníbàárà dé, ó ní, 'Ọlọ́dà, ọwọ́ ẹ dáa o, ibùsùn yìí mà dùn ún wò.' Káfíńtà tó gé gbogbo igi rẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ òòlù, á na ọwọ́ sí i, á máa wò wá."

"Ó pẹ́ tó?"

"Ó pẹ́ débi pé nígbà tó sọ̀rọ̀, a ò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ni. Ìgbà náà la jókòó, tí a ṣòfin. Ọwọ́ ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá de nọ́ọ̀tì ìkẹyìn. Nọ́ọ̀tì ìkẹyìn, ti gbogbo wa ni. Ọwọ́ àwa márààrún gbọ́dọ̀ wà lórí sípánà kan náà."

"Sípánà wo ló gba ọwọ́ èèyàn márùn-ún?" ni Kábíyèsí béèrè.

Inú wẹ́dà dùn pé wọ́n béèrè. Ó jáde lọ gbé e wá. Orí sípánà náà kọ́kọ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a dúró, a dúró, ìdí rẹ̀ àti wẹ́dà wá yọ lẹ́yìn.

"Èmi ni mo jó irin mọ́ ọn," ni wẹ́dà wí. "Kálukú ló ní àyè tirẹ̀. Ibi tí Ọ̀gá máa dì mú nìyí. Tèmi nìyí. Ti ọlọ́dà ló ní àwọ̀ yìí, òun ló kun ún fúnra ẹ̀."

"Ó dára. Iṣẹ́ mélòó lẹ ti fi í parí?"

Wẹ́dà wo ọ̀gá. Ọ̀gá wo ọlọ́dà. Ọlọ́dà wo àwọ̀ tirẹ̀ lára sípánà.

"Kábíyèsí," ni ọ̀gá wí, "ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé látìgbà tí a ti ṣòfin yìí, kò sí ohun tó ti ilé iṣẹ́ wa jáde tó bàjẹ́ mọ́ oníbàárà lọ́wọ́ rí."

"Kí ló ti jáde?"

"Kò tíì sí."

"Kò tíì sí kẹ̀?"

"Ọwọ́ wa ni kì í pé, Kábíyèsí. Bí àwa mẹ́rin bá pé, káfíńtà á ti lọ kí àwọn àna rẹ̀. Bí káfíńtà bá dé, eyín á máa dun wẹ́dà. Bí eyín wẹ́dà bá san, òjò á dá ọlọ́dà dúró sílé, torí kì í fẹ́ kí omi kan ara òun."

"Lónìí ńkọ́, káfíńtà yẹn dà?"

"Ó lọ kí àwọn àna rẹ̀."

"Àwọn àna yìí ò kúkú wá gbà á ṣọmọ pátápátá," ni Ìyálóde wí.

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe fún yín?" ni Kábíyèsí béèrè.

"Kò pọ̀, Kábíyèsí. Kí ẹ pàṣẹ pé ká tú nọ́ọ̀tì yẹn, ká gbé àga padà sílé iṣẹ́, kó wà níbẹ̀ títí àwa márààrún á fi pé, ká wá dè é bó ṣe yẹ."

"Ẹ máa bọ̀ wá tú u," ni Màmá wí látorí àga. "Mo ti wà lórí ẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ léjìká. "Màmá, ẹ jẹ́ kí Kábíyèsí sọ̀rọ̀."

"Ṣé mo dí i lẹ́nu ni? Látàárọ̀ ló ti ń sọ ọ́."

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín, ó ní kí Màmá wí tẹnu ẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹsẹ̀ mi ti kọ̀ mí tipẹ́. Yàrá ẹ̀yìn ni mò ń gbé. Ògiri ni mò ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Mo mọ ògiri yẹn ju bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ mi lọ, ó kúkú ń bẹ̀ mí wò jù wọ́n lọ. Ọmọ mi yìí wá lọ bá wọn pé kí wọ́n ṣe àga fún ìyá òun. Wọ́n ní kó padà wá. Ó padà lọ, wọ́n ní ó ku díẹ̀. Ó tún lọ, wọ́n ní ó ku díẹ̀. Mo ní kí ló kù? Ó ní nọ́ọ̀tì kan ni. Mo ní ṣé wọ́n gbìn ín ni, tí wọ́n ń dúró kó hù?"

"Màmá," ni ọ̀gá wí, "a ò fi ṣeré."

"Mo mọ̀. Ẹni tó ń ṣeré á ti ṣe é tán. Má-fi-dọ̀la ló ti àga yìí wá bá mi. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni mò ń jókòó sí. Ojú mi ti rí nǹkan. Obìnrin tó ń gba ẹnu fèrèsé mi kọjá, tó máa ń ní 'Màmá, mò ń sáré lọ síbi iṣẹ́,' ilé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń yà sí, ibẹ̀ ló ń sùn dọ̀sán. Ọkùnrin tó ń gérun ní òdìkejì títì ò mọ irun gé rárá, orí àwọn èèyàn ló dáa. Mo ti sọ fún un. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì yìí, ojú ògiri ni mò ń padà sí. Kò sì sí nǹkan tuntun lára ògiri yẹn."

Ọ̀gá tún nu ojú.

"Màmá, ó dun àwa náà. Àmọ́ àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

"Òótọ́ ni," ni Kábíyèsí wí. "Àmọ́ ta lo rí tó fi àgbájọ ọwọ́ họ imú?"

Má-fi-dọ̀la bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Ọ̀rọ̀ imú yẹn gan-an ni mo bá wá."

"Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

"Ọwọ́ mi ò jẹ̀bi."

"Ìyókù ara rẹ ńkọ́?"

"Ìyẹn ni kí ẹ jẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò. Òfin wa ní ọwọ́ ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá de nọ́ọ̀tì ìkẹyìn. Mi ò fọwọ́ dè é. Mo fi ẹnu sípánà há nọ́ọ̀tì náà, mo gbé ìdí rẹ̀ lé èjìká, mo ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo wá sín."

"O kí ni?"

"Mo sín, Kábíyèsí. Ẹ ò rí i, bí sípánà bá kúrú, gbogbo agbára apá lèèyàn á fi fà á kí nọ́ọ̀tì tó mira. Bó bá gùn, ìka kan á tó. Èyí tí wẹ́dà ṣe yìí, bí eṣinṣin tó yó bá bà lé ìdí ẹ̀, nọ́ọ̀tì á gbọ́. Bí mo ṣe sín, èjìká mi lọ sílẹ̀. Bí èjìká ṣe lọ sílẹ̀, sípánà bá a lọ. Nọ́ọ̀tì yí díẹ̀. Mo gbé e padà sípò, mo tún sín. Nígbà tí mo fi máa sín tán, nọ́ọ̀tì ti le. Òfin dárúkọ ọwọ́. Kò dárúkọ imú."

"Ṣé òtútù ló mú ẹ ni?"

"Rárá o. Aṣáà ni mo fà símú."

"O mọ̀ọ́mọ̀ sín nìyẹn."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ fa aṣáà, Kábíyèsí. Sísín ló wá fúnra ẹ̀."

"Irọ́ ni," ni wẹ́dà wí láti ẹ̀yìn. "Kò sín. Mo wà níbẹ̀. Ó ń súfèé ni. Àárọ̀ kùtù ni."

"Àárọ̀ kùtù?" ni ọlọ́dà wí. "Àárọ̀ kùtù tìrẹ yìí, ṣé èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń darí bọ̀ wálé ni? Kábíyèsí, ọ̀sán ni. Ó sì sín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kun apá àga yẹn tán ni, ọ̀dà ò tíì gbẹ, ìtọ́ rẹ̀ tò sí i lára bí ìràwọ̀. Ẹ wò ó."

Màmá wo ibi tó gbé apá lé. "Ìyẹn kọ́ ni ẹ fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́? Mo ti fi han àwọn èèyàn."

"Súfèé ni," ni wẹ́dà wí.

"Sísín ni."

"Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù."

"Ìwọ tó di àkísà mọ́ etí torí eyín tó ń dùn ẹ́?"

"Eyín ló ń dùn mí. Etí mi ò ṣàìsàn."

"Ẹ dákẹ́," ni Kábíyèsí wí. "Ǹjẹ́ èèyàn lè máa súfèé kó tún máa sín?"

Ìyálóde yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣu ẹnu jọ, ó dán an wò wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìborùn rẹ̀. Ó yíjú padà, ó mi orí.

"Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì nìyí," ni Ìyálóde wí. "Wẹ́dà, o wà níbẹ̀. Ọlọ́dà, o wà níbẹ̀. Ojú yín ni ọkùnrin yìí ṣe dẹ́ṣẹ̀ tí ẹ ń pariwo ẹ̀ káàkiri yìí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Kálukú ló ní ìlànà tirẹ̀, Ìyá wa," ni wẹ́dà wí. "Tèmi ni pé mi kì í sọ ohun tó lè dun ẹnì kejì mi."

"Bó bá fẹ́ fi òòlù gbá ìka ara ẹ̀ ńkọ́?"

"Màá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ìwọ ọlọ́dà?"

"Èmi, mi kì í dá sí ohun tí kì í ṣe ọ̀dà. Bí ilé bá ń jó, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni bóyá ọ̀dà ló ń jó."

"Ìwọ ọ̀gá wọn, ibo lo wà?"

"Mo wà nínú yàrá, Ìyá wa. Mò ń ṣèpàdé."

"Pẹ̀lú ta ni?"

"Èmi nìkan ni. Àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́."

Kábíyèsí fọwọ́ bo ojú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó ṣí i, Ọ̀tún ti dìde, ó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Kábíyèsí, ohun tí a lè dán wò, kí la ń jiyàn lé e lórí sí? Ẹ mú aṣáà wá."

Nínú gbogbo ìgbìmọ̀, imú Ọ̀tún ló tóbi jù. Kò sẹ́ni tó bá a du iṣẹ́ náà. Wọ́n mú aṣáà wá. Wẹ́dà fi ẹnu sípánà há nọ́ọ̀tì bíréèkì. Má-fi-dọ̀la ń tẹ̀lé Ọ̀tún kiri.

"Bàbá, ẹ̀gbẹ́ ibí ni kí ẹ dúró sí. Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, ńṣe lẹ máa tú u."

"Mo ti ń sín kí wọ́n tó bí ẹ."

"Mo mọ̀, Bàbá. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ…"

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sín?"

Ó gbé ìdí sípánà lé èjìká, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fa aṣáà. Ó dúró. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ há, lẹ́yìn náà ó fẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, a sì rò pé sísín náà ti lọ. Ó wá sín.

Àwọn ẹyẹlé orí òrùlé fò lọ. Sípánà lọ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì. Òótọ́ ni Má-fi-dọ̀la sọ: imú ń de nọ́ọ̀tì. Ó sì ń tú u pẹ̀lú. Irin bíréèkì ṣí kúrò lára táyà.

Àga náà kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀nà géètì.

"Màmá mi o," ni aránṣọ ké.

"Ẹ ṣí géètì," ni Màmá wí bó ṣe ń kọjá lọ.

"Ẹ dúró ná," ni ọ̀gá wí, "ta ni kó sáré nínú wa? Ẹ jẹ́ ká fẹnu kò."

Wẹ́dà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọlọ́dà ń wo bóyá ọ̀dà ara àga ń họ. Má-fi-dọ̀la ti dé ìdajì àgbàlá ní tiẹ̀. Ó sáré kọjá àga, ó yí padà, ó ki bàtà rẹ̀ bọ abẹ́ táyà ní ẹnu géètì gan-an. Àga dúró. Màmá ń mí gúlegúle, ó di ìborùn rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyá mi, ṣé kò séwu o?" ni Kábíyèsí béèrè látòkè.

"Kò sí. Ẹ tì mí padà. Mi ò tíì gbọ́ ìdájọ́."

Wọ́n tì í padà sókè. Má-fi-dọ̀la fi ẹsẹ̀ dí táyà, torí kò sí ohun mìíràn tó dá a dúró mọ́. Aránṣọ di ẹ̀yìn àga mú.

"Ó yá, ẹ de nọ́ọ̀tì yẹn padà," ni Kábíyèsí wí.

Ojú ọ̀gá ti gbẹ. Ó tún dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, a dúpẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá wa Ọ̀tún jù lọ. Ohun tí a wá bẹ̀ yín fún ti ṣe. Nọ́ọ̀tì ti tú. Káfíńtà nìkan ló kù ká retí."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Ìgbà tí àwọn àna rẹ̀ bá ní kó máa lọ."

"Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló wà lábẹ́ táyà yìí," ni Màmá wí. "Èmi náà ni mo wà lórí ẹ̀, mi ò sì fúyẹ́."

Wẹ́dà wo ẹsẹ̀ Má-fi-dọ̀la. Ó ní, "Mo ní ohun kan lọ́kàn, àmọ́ ó lè dun Ọ̀gá."

Ọlọ́dà ní, "Ẹsẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà."

Kábíyèsí pe Ìyálóde sún mọ́ra. Wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n pe Ọ̀tún, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sín. Kábíyèsí wá jókòó dáadáa.

"Má-fi-dọ̀la, o jẹ̀bi."

Ẹ̀rín kúrò lójú Má-fi-dọ̀la.

"Kì í ṣe torí pé o parí iṣẹ́. O ò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó, o wá ń fi imú bo ọwọ́ mọ́lẹ̀. Bíréèkì ìyá arúgbó lo dá dè, ẹlòmíì ò fojú kàn án lẹ́yìn rẹ. Bí o bá ṣì í ṣe, bó ṣe lọ lónìí yẹn náà ni ì bá lọ, títì ló sì máa já sí, kì í ṣe géètì mi. Láti òní lọ, kí o tó parí ohunkóhun, wàá kọ́kọ́ sín. Sísín tí gbogbo ilé iṣẹ́ á gbọ́. Àwọn tó bá gbọ́ á wá wo iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ní nǹkan sọ, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá sọ ju 'pẹ̀lẹ́' lọ, ó ti gbà nìyẹn. Ẹni tó bá wà nílé àna, kí àwọn àna rẹ̀ bá a gbà."

"Bí sísín ò bá wá ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Ọ̀tún á wá bá ẹ sín in."

Ọ̀tún sín láti fi hàn pé òun gbọ́.

"Wẹ́dà. Láàárọ̀, kí o tó tan iná, wàá sọ ohun kan tó dun ẹnì kan nínú ilé iṣẹ́ yín. Òótọ́ ni kó jẹ́ o. Mi ò rán ẹ ní èébú."

Omi bọ́ lójú wẹ́dà. "Ta ni kí n bá bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹni tó bá ń ṣèpàdé lóun nìkan."

Kábíyèsí wá yíjú sí ọ̀gá.

"Ìwọ, ìpàdé lo fẹ́ràn. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ìpàdé dára. Àmọ́ láti òní lọ, orí ohun tí ẹ bá ń ṣe ni o ó ti máa ṣe é. Bó bá jẹ́ ibùsùn, dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀ kí o tó lanu. Bó bá jẹ́ àkàbà, gùn ún dé òkè pátápátá. Bó bá jẹ́ àga onítáyà, ibi tí a wà yìí ni wọ́n á gbé e wá. Ibi tí ẹ bá bá iṣẹ́ náà dé, kó wà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ku nọ́ọ̀tì kan, kó ku nọ́ọ̀tì kan. Ẹ jíròrò títí tó bá wù yín. Kò sẹ́ni tó máa lé yín."

"Kábíyèsí, ẹ kú ọgbọ́n," ni ọ̀gá wí. "A ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí káfíńtà bá dé."

"Ìpàdé kan wà nílẹ̀ báyìí. Ẹ gbé Màmá sọ̀kalẹ̀."

Aránṣọ àti Ìyálóde gbé Màmá sórí ìjókòó kan. Wọ́n gbé ọ̀gá sórí àga. Ó jókòó, ó di apá àga mú lójú ibi tí ìràwọ̀ wà. Géètì ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, ọkọ̀ kan kọjá lójú títì, òmíràn tẹ̀ lé e.

"Má-fi-dọ̀la," ni Kábíyèsí wí, "o ti dúró pẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ á ti máa ro ẹ́. Yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Kábíyèsí."

Ó yọ gìgísẹ̀. Àga rìn díẹ̀, ó dúró.

"Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀," ni Kábíyèsí wí. "Ọ̀gá, kí ló wà nílẹ̀?"

"De nọ́ọ̀tì yẹn," ni ọ̀gá wí.

"Ọ̀gá," ni ọlọ́dà wí, "káfíńtà ò tíì dé o."

"Mo ní ẹ dè é."

"Ọwọ́ wa ò pé márùn-ún," ni wẹ́dà wí. Ó ronú díẹ̀, ó wá fi kún un pé, "Ọ̀gá, èyí lè dùn yín, àmọ́ òfin yẹn ò dáa. Látìgbà tí a ti ṣe é ni mo ti mọ̀."

"Ó dùn mí. O ṣeun. Dè é."

Má-fi-dọ̀la tún yọ ẹsẹ̀ díẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù lábẹ́ táyà. Ó fọwọ́ kan sípánà, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

"Ọ̀gá, kí n má bàa tún jẹ̀bi. Ṣé ọwọ́ ni kí n fi dè é ni, àbí imú?"

"Fi ọwọ́ dè é," ni ọ̀gá wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára géètì. "Fi imú dè é. Fi eyín wẹ́dà dè é. Sáà ti dè é."

Má-fi-dọ̀la bá gbé orí sókè, ó sín, sísín gidi tí gbogbo àgbàlá gbọ́.

"Pẹ̀lẹ́," ni ọlọ́dà wí.

"Pẹ̀lẹ́," ni wẹ́dà wí.

"Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," ni ọ̀gá wí.

Má-fi-dọ̀la fọwọ́ fa sípánà, nọ́ọ̀tì le. Wẹ́dà tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó le. Ọlọ́dà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀dà. Aránṣọ ti àga náà síwá, ó tì í sẹ́yìn, kò mira. Ọ̀gá ṣì jókòó, ó di apá àga mú pinpin, ó ń mí.

Màmá wò ó títí láti orí ìjókòó.

"Ìpàdé ti parí," ló wí. "Dìde lórí àga mi."